Ẹ Dá Ọkọ́ Bàbá Padà: Oríkèé Tuntun Kì í Ṣe fún Ìjókòó Ilé

Ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí sókè fáwọn tí kò gbọ́ ọ lórí afẹ́fẹ́, ẹ máa kà á díẹ̀díẹ̀.

Ìbéèrè kan ló bí ọ̀rọ̀ tòní. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ yín ló fi ránṣẹ́. Bàbá kan, àgbẹ̀, ni oríkèé ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún bàjẹ́. Wọ́n gé e ní lópítà, wọ́n fi onírin rọ́pò rẹ̀. Ó ti pé oṣù márùn-ún báyìí, ara sì ti ń yá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbé ọkọ́ àti àdá rẹ̀ pamọ́. Wọ́n ní Bàbá ò gbọdọ̀ dé oko mọ́ láéláé. Bàbá ní òun ò tíì kú, kí ló dé tí wọ́n fi ń pín ogún òun? Ẹgbẹ́ wá pín sí méjì. Àwọn kan ní àwọn ọmọ ló gbọ́n. Àwọn kan ní Bàbá ló jàre. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn dá a.

Mi ò ní fọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀. Bàbá ló jàre. Àmọ́ o, kò jàre tán. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Kí ẹ tó sọ pé mò ń gbè sẹ́yìn àgbà, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń yan gàrí, tó sì ń ta epo pupa, ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí. Ọdún bíi mẹ́rin ló fi tiro kó tó lọ ṣe é. A ta nǹkan, a yáwó, a ṣe é, ó bọ́ sí i. Nígbà tó délé, èmi ni mo fi ara mi jẹ ọ̀gá. Mo ra àga ìrọ̀gbọ̀kú fún un, mo ní kó má dìde níbẹ̀. Omi tó máa mu, àwa là ń gbé e tọ̀ ọ́ lọ. Bó bá ti fẹ́ rìn dé ẹnu ọ̀nà, màá pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó! Ṣé ẹ fẹ́ kí owó yẹn ṣòfò ni?"

Mo rò pé ìfẹ́ ni. Oṣù méje ló fi jókòó bẹ́ẹ̀. Itan rẹ̀ rù, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí apá ọmọdé. Ẹ̀mí rẹ̀ sì ń rẹ̀wẹ̀sì, kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Igolo ti bá ẹlòmíì lọ. Ẹni tó ní kó bá òun mójú tó ìsọ̀ ti di onísọ̀. Gbèsè tí a jẹ nítorí iṣẹ́ abẹ náà ṣì wà nílẹ̀, kò sì sí ọjà tí a ó fi san án. Lọ́jọ́ kan ó wò mí lójú, ó ní: "Àbúrò, nígbà tí ìbàdí ń dùn mí, mò ń lọ sọ́jà. Nísinsìnyí tí kò dùn mí mọ́, ẹ so mí mọ́lẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Dókítà kọ́ ló so ó mọ́lẹ̀, àìsàn kọ́, èmi ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn ọmọ Bàbá wí lónìí: mo mọ ibi tí wọ́n ti ṣì í, torí mo ti gba ọ̀nà yẹn kọjá.

Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe fún èèyàn nínú iṣẹ́ abẹ yìí? Ibi tí egungun itan ti wọ inú egungun ìbàdí, ó dà bí orí ọmọ odó tó ń yí nínú odó kékeré. Bí orí yẹn bá ti jẹ, tí ohun tó ń mú un yọ̀ bá ti gbó tán, egungun á máa ha egungun. Èèyàn ò ní lè rìn dáadáa, kò ní lè sùn. Ohun tí dókítà ń ṣe ni pé á gé orí egungun tó bàjẹ́ kúrò, á fi ọ̀pá irin sínú egungun itan, á gbé orí tuntun lé e. Á tún fi ife kékeré kan sínú egungun ìbàdí, ike líle tàbí nǹkan mìíràn tó ń yọ̀ sì máa ń wà nínú ife náà kí orí tuntun lè máa yí nínú rẹ̀.

Kì í ṣe idán, kì í sì ṣe nǹkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ John Charnley ló ṣe irú èyí tó yege jù, ní lópítà Wrightington nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1962. Ó ti ju 60 ọdún lọ. Nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, wọ́n ń ṣe é ní lópítà ńlá CNHU ní Kútọnu. Ẹni tó bá sì gba Ìdìrókò kọjá lọ sí Èkó á bá lópítà egungun ti Ìgbòbì, èyí tó ti wà láti ọdún 1945. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó nìkan ni. Lóòótọ́, ọjọ́ orí a máa gbó oríkèé. Ìjàǹbá alùpùpù náà ń fọ́ ọ, ẹ̀yin náà mọ̀ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Àmọ́ ní àdúgbò wa yìí, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní fòníkúfọ̀ladìde wà níbẹ̀, èyí tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní drépanocytose. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá ní i kì í ráyè ṣàn dáadáa dé orí egungun itan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé, ó ń kú nìyẹn. Ẹ ó rí ọmọ ogún ọdún, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tí orí egungun itan rẹ̀ ti kú, tó ń tiro bí àgbàlagbà. Àwọn èèyàn á ní wọ́n fi nǹkan ṣe é ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó fi nǹkan ṣe é, ẹ̀jẹ̀ ni. Bí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ bá gba oríkèé tuntun, ṣé a ó ní kó jókòó sílé fún 40 ọdún ni? Ẹ rò ó wò.

Mo mọ ohun tó ń ba àwọn ọmọ Bàbá lẹ́rù. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí irin náà má baà yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Òótọ́ ni, ó lè yẹ̀, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ jù tàbí tó lọ́ ọ. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: irin ò lè dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹran itan àti ẹran ìdí ló dì í mú. Ẹran ara tí a kò lò a máa rọ, a máa rù. Ẹni tí ẹ bá fi jókòó kí irin má baà yẹ̀, ẹ ń tú okùn tó so irin náà ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ẹsẹ̀ bá wà lójú kan ṣáá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan ẹsẹ̀, kó gbéra, kó lọ dí inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn ń pa èèyàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn lópítà fi ń gbé aláìsàn dìde lọ́jọ́ kejì, ìgbà mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an, kó fi ọ̀pá rìn. Bí dókítà bá lè gbé e dìde lọ́jọ́ kejì, kí ló dé tí àwa ará ilé fi ń dá a padà sórí ìjókòó ní oṣù karùn-ún?

Mo ní Bàbá ò jàre tán. Ìdí ni pé kì í ṣe gbogbo nǹkan tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló máa padà sí, kò sì lè padà lọ́jọ́ kan. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Dípò tí a ó fi máa de èèyàn mọ́lẹ̀, ohun tó yí i ká nínú ilé ló yẹ ká tún ṣe. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Àpótí ni àkọ́kọ́. Gbogbo wa la mọ àpótí ìdáná, èyí tó kéré tí a fi ń yan gàrí, tí a fi ń bó ẹ̀gẹ́. Bí èèyàn bá jókòó lé e, orúnkún rẹ̀ á ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Ohun tí oríkèé tuntun ò fẹ́ rárá nìyẹn. Òfin rẹ̀ rọrùn: bí o bá jókòó, kí orúnkún má ga ju ìbàdí. Ẹ pe káfíńtà kó ṣe àga gíga tó ní ibi ìfarati àti ibi ìgbọ́wọ́lé. Iye rẹ̀ ò tó nǹkan lára owó tí ẹ ti ná.

Èkejì ni ẹní. Kó má sùn sórí ẹní nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní àsìkò yìí, torí dídìde nílẹ̀ a máa tẹ ìbàdí jù. Ibùsùn tó ga díẹ̀ ni kó lò. Bó bá fẹ́gbẹ́ lélẹ̀, kó fi ìrọ̀rí sáàárín itan méjèèjì. Kó má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Bí wọ́n bá pè é láti ẹ̀yìn, kó gbé ẹsẹ̀ yí gbogbo ara padà, kó má dúró lójú kan kó lọ́ ìbàdí.

Ẹ̀kẹta ni ṣáláńgá. Ojú máa ń ti àwọn èèyàn láti sọ ọ́, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe ara wọn léṣe. Ìlóṣòó lórí ihò ò dáa fún un. Ẹ gbẹ́ ihò sáàárín àga kan tó lágbára, kí ẹ gbé e lé ojú ṣáláńgá, tàbí kí ẹ gbé póò sábẹ́ rẹ̀. Ẹ kan igi mọ́ ara ògiri kó lè rí nǹkan dì mú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi dáadáa. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni wá, a ò ní kí ọmọ má kí àgbà. Àmọ́ mo mọ ìyàwó ilé kan tó gba oríkèé tuntun, tó sì ń fi agídí kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ láràárọ̀, torí ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé irin ti sọ ọ́ di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ìyá ọkọ ọ̀hún ni kò tètè sọ pé: "Ìyàwó, dúró kí mi, mo ti gbà." Gbólóhùn kan péré ni o! Àgbà tó bá sọ ọ́ ti ṣe ju ẹni tó fún un lówó oògùn lọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìsìn. Ẹni tó ń kírun lè jókòó sórí àga kírun, ẹ̀sìn gbà á láyè fún aláìsàn. Ẹni tó ń kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó dúró gbàdúrà. Ọlọ́run ń gbọ́ ẹni tó wà ní ìdúró.

Ẹ̀karùn-ún ni sẹ́míjàn. Láti gbé ẹsẹ̀ sọdá alùpùpù, láti la ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ọ̀nà wa sì máa gbọn èèyàn, kò dáa ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Ọkọ̀ ni kó wọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Kó jókòó níwájú, kí wọ́n ti ìjókòó sẹ́yìn, kó fi ìdí wọlé kó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé.

Nǹkan tó kù ni ìrìn. Àwọn tó ń kọ́ni ní ìdárayá ní lópítà, àwọn tí wọ́n ń pè ní kiné, á fi í hàn án. Ẹ má fi ọ̀dọ̀ wọn ṣeré. Bó bá ti kan ọ̀pá kan ṣoṣo, ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ni ọ̀pá máa wà. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n ṣe, ọwọ́ òsì ló máa mú ọ̀pá. Púpọ̀ nínú wa ń ṣe òdì rẹ̀. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dáa ló ń ṣáájú. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ló ń ṣáájú. Lónìí dé ẹnu ọ̀nà, lọ́la dé ilé aládùúgbò, tó bá tó ọjọ́ mélòó kan dé ìdí igi lẹ́bàá títì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí dókítà bá yẹ̀ ẹ́ wò tó ní ó ti jinná, a lè wá sọ̀rọ̀ oko àti ọjà. Ẹ rántí pé ọ̀nà tí dókítà gbà ṣe iṣẹ́ abẹ kì í ṣe bákan náà fún gbogbo èèyàn, torí náà ohun tí dókítà rẹ bá sọ fún ọ ló ṣáájú tèmi.

Ní oko, ọkọ́ tiwa tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú ló ń fi wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wá igi gígùn fi sí ọkọ́ Bàbá, kó lè dúró gangan ro oko. Kó fi ọ̀pá dá ihò àgbàdo, kí ọmọdé máa ju irúgbìn sí i. Kó jókòó lórí àga ṣẹ́ àgbàdo, kó tọ́jú ẹ̀fọ́, kó rìn yí oko ká wo ohun tí àwọn ọmọ ṣe. Kíkọ ebè, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Gígun ọ̀pẹ, ó tán. Kó gbé igbà kọ́ ara ògiri, kó má tún bojú wo òkè. Ìṣubú ni ọ̀tá oríkèé tuntun. Nítorí náà, nígbà òjò tí ilẹ̀ pupa wa bá ń yọ̀, kó wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, kó mú ọ̀pá dání, kó má sì dá lọ. Kẹ̀kẹ́ ológeere, bí ìjókòó rẹ̀ bá ga tó, òun gan-an a máa fún itan lókun.

Ní ọjà, ẹ má tẹ́ igbá sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́. Tábìlì ni kí ẹ gbé epo àti gàrí lé, kí ẹ jókòó sórí àga gíga, kí ẹ máa dìde rìn díẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kẹ́gì epo, ẹ jẹ́ kí ọmọ oníkẹ̀kẹ́ ẹrù tì í. Owó tí ẹ máa fún un kéré sí owó tí ẹ máa fi tún ìbàdí ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ fún yín. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà ní Amẹ́ríkà, Bo Jackson lorúkọ rẹ̀. Eré méjì ló ń ṣe gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́: bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń kọlu ara wọn, àti eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Ní oṣù kìíní ọdún 1991, ó farapa níbi bọ́ọ̀lù ìkọlù. Ẹ̀jẹ̀ ò dé orí egungun itan rẹ̀ mọ́, orí egungun náà kú, bí ti àwọn ọ̀dọ́ wa tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 1992 wọ́n fi oríkèé mìíràn sí i. Gbogbo èèyàn ní ó tán. Ní 1993 ó padà sórí pápá, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i nínú ìdíje, ó gbá a jáde kúrò nínú ọgbà. Àmọ́ ẹ wo ìkejì ọ̀rọ̀ náà: bọ́ọ̀lù ìkọlù, kò padà sí i mọ́ títí dòní. Ó mú èyí tí ìbàdí gbà, ó fi èyí tí kò gbà sílẹ̀. Ohun tí mò ń sọ fún Bàbá nìyẹn: gba ọkọ́, fi igbà sílẹ̀.

Ẹni tó bá ní Bàbá ti dàgbà jù, ẹ sọ fún un pé ìyá Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba oríkèé tuntun ní 1995, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 95. Ó tún gba ti ẹ̀gbẹ́ kejì ní 1998. Lẹ́yìn náà, ó ṣì ń fi ọ̀pá rìn; ní 2002 ló wàjà, ní ẹni ọdún 101.

Ẹnì kan á ní: "Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣiṣẹ́, ṣé irin náà ò ní tètè gbó?" Ìbéèrè gidi ni. Irin àti ike a máa gbó, ẹ̀yìn mọ́tò náà ń gbó. Àwọn tó kó àkọsílẹ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan jọ ní ọdún 2019 rí i pé nínú 100 oríkèé ìbàdí onírin, nǹkan bíi 58 ṣì wà nípò wọn lẹ́yìn ọdún 25. Àwọn tó ń rìn, tó ń ṣiṣẹ́ wọn, wà lára wọn. Ohun tó ń tètè gbó o ni fífò, sísáré lórí ilẹ̀ líle, ẹrù àwúwojú, àti ìsanra jù, ìyẹn tí ìjókòó ilé sì ń fà. Ẹ rí i báyìí pé ohun tí a sọ pé a fi ń pa irin mọ́, òun náà ló tún ń jẹ ẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ àwọn àmì tí kò gba ìdúró. Bí ojú ọgbẹ́ bá ń ṣomi tàbí tó ń pọ́n, bí ibà bá dé, bí ẹsẹ̀ bá wú tó sì ń dùn ní ìsàlẹ̀ orúnkún, bí èémí bá ń há lójijì, bí ẹsẹ̀ bá kúrú lójijì tàbí tó yí padà tí kò ṣeé tẹ̀, lópítà ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi òróró fa á. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun pé kó fà á wọlé. Mi ò bú àwọn tó ń to eegun o, wọ́n ní ohun tí wọ́n mọ̀. Àmọ́ irin tó wà nínú egungun kì í ṣe èyí tí wọ́n fi kọ́ wọn níṣẹ́. Eyín tó ń kẹ̀ àti eéwo pẹ̀lú, ẹ tètè tọ́jú wọn, torí kòkòrò ibẹ̀ lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ibi irin. Ibikíbi tí ẹ bá ti lọ gba ìtọ́jú, ẹ sọ fún wọn pé irin wà ní ìbàdí.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹgbẹ́ àwọn ìyálọ́jà wa. Bí obìnrin kan bá lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ bá a pa ìsọ̀ rẹ̀ mọ́ fún oṣù mẹ́fà. Kí ẹni tó bá ń lò ó mọ̀ pé àyálò ni. Ẹ fún un ní àyè tó súnmọ́ títì nígbà tó bá padà, kó má baà máa fo kòtò àti ẹrù kọjá. Èyí ò ná yín ní sẹ́fà kan. Àmọ́ ẹni tó mọ̀ pé ìsọ̀ òun wà nílẹ̀ á ní ìdí láti dìde kúrò lórí àga. Ẹ̀gbọ́n mi ò rí irú rẹ̀, inú mi ò sì dùn sí i di òní.

Ẹ̀gbọ́n náà ńkọ́? Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi yẹn, mo gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú kúrò. A padà lọ bá kiné, ó sì bá mi wí bí ọmọdé, mo gbà. Ó gbà wá tó oṣù mẹ́rin kí itan rẹ̀ tó padà ní ẹran, oṣù mẹ́rin tí kò bá má ti sọnù bí mo bá ti jẹ́ kó rìn látilẹ̀. Ìsọ̀ àtijọ́ ti lọ, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ní ìkángun ọjà. Ó ń jókòó sórí àga gíga tí káfíńtà kàn, òun nìkan ló ga láàárín àwọn tó tẹ́ igbá. Wọ́n wá sọ ọ́ ní Ìyá Alága. Ó ní orúkọ náà wu òun, torí kò sí ìpàdé tí wọ́n ti dìbò fún òun rí.

Ìdájọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ Bàbá. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Bó bá ti fọwọ́ sí i, ẹ dá ọkọ́ Bàbá padà, kí ẹ fi ọwọ́ gígùn sí i. Ẹ dá àdá padà fún ìṣẹ́ tó fúyẹ́. Ẹ tẹ̀lé e lọ sóko lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ máa rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin Bàbá, igbà ọ̀pẹ, ẹ jẹ́ kó wà lára ògiri. Ẹ kò pàdánù, ẹ pààrọ̀ ni.

Kí ẹgbẹ́ olùgbọ́ tó tú ká, ẹ bá mi jíròrò lórí mẹ́rin yìí:

Ta ni ní àdúgbò wa tí à ń fi "má ṣe wàhálà" so mọ́lẹ̀, tó sì lè dìde?

Àga gíga mélòó ló wà nínú ilé yín, ta sì ni káfíńtà tó lè kàn án?

Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹ ti sọ fún aláìsàn inú ilé yín pé kó dúró kí yín?

Ní ọjà yín, ta ló ń tọ́jú ìsọ̀ ẹni tó wà ní lópítà?

Ẹ fi èsì yín ránṣẹ́ sí wa. Bí Bàbá bá sì ti padà sóko, ẹ jẹ́ ká gbọ́ o. Ó dàbọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ mìíràn. Ẹsẹ̀ wa ò ní gbà wá lọ́wọ́ ọ̀nà.